Ọjọ́ Tí Mi Ò Lọ Ka Omi Eko Ende

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá ni omi kíkà. Láràárọ̀, màá wọ mọ́tò láti Ìkìrun lọ sí dáàmù Eko Ende, màá wo gééjì, irin gígùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára tí wọ́n sì rì mọ́ etí omi. Ibi tí omi bá dé lára rẹ̀ ni màá kọ sínú ìwé. Ọ̀gá mi, bàbá ará Inísà kan, kìlọ̀ fún mi pé a kì í jókòó sílé ka omi.

Láàárín àwọn ọdún 1990, olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin, wá bá wa. Wọ́n ní sátẹ́láìtì kan ń gba òkè omi wa kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á rán àmì bíi ti rédíò sílẹ̀, àmì náà á kan ojú omi, á padà sókè. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó padà dé ni wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ga tó. Wọ́n fẹ́ fi wé ìwé wa. Ọ̀gá mi béèrè pé bí ìkùukùu bá bo omi ńkọ́. Wọ́n ní àmì náà ń là á kọjá. Bàbá ní irú ojú bẹ́ẹ̀ wu àwọn náà.

A tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì. Bí ti sátẹ́láìtì ṣe ń lọ sókè ni tiwa ń lọ sókè, bó ṣe ń wálẹ̀ ni tiwa ń wálẹ̀, inú wa sì ń dùn. Àfi ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà. Sátẹ́láìtì ní omi kún gan-an. Ìwé wa ní kò kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Olùkọ́ náà ní omi wa kéré, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tó yí i ká ti ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà. Wọ́n mú bírò, wọ́n fẹ́ fagi lé nọ́ńbà sátẹ́láìtì náà.

Mo mọ ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọmọ lórúkọ ní Òkukù, òjò sì ti ń rọ̀ láti ìdájí. Òkukù ni mo gbà lọ, mo kọ nọ́ńbà àná sínú ìwé.

"Ẹ má fagi lé e, mà," ni mo wí. "Òun ló tọ̀nà. Mi ò débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo ń retí kí wọ́n lé mi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà dìde, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ gbà gbọ́ pé ẹ̀rọ náà lè rí omi tó kéré tó báyìí. Ọ̀gá mi wò mí títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn.

"Èmi ò rí ọ," ni wọ́n wí, "ẹni òkè rí ọ."

Ìjìyà mi ni pé kí n máa ka omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún oṣù kan gbáko. Orin ni mo ń kọ lọ síbẹ̀.