Ìlà Ẹfun Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo jáde yunifásítì láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni kíka ẹrù ní wáàfù Àpápá. Bí kọntéénà kan bá ti kọjá, màá fi ẹfun fa ìlà kan. A kì í pe nọ́ńbà kọntéénà tán. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn la fi ń dá a mọ̀. Mo gbé àṣà yẹn wálé sí Ajégúnlẹ̀, ìyàwó mi sì kọ́ ọ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìlà tirẹ̀ máa ń dà sí òsì.

Wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ní ibùdókọ̀ Coconut. Àwọn ọlọ́pàá ní kó mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà wá, kò ní in. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a ra òmíràn, a tẹ stáà, háàṣì, òdo, mẹ́fà, háàṣì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà yọ, ó gùn, ìyàwó mi sì fi ẹfun kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ó wá fi kóòdù nọ́ńbà mẹ́rin ti fóònù náà pa. Kò sọ kóòdù yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ó kú. Ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ wà nínú fóònù, n kò sì lè ṣí i. Mo tẹ ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mo tẹ ọdún tí a bí àkọ́bí. Bí ọ̀kan bá ti kọ̀, màá fa ìlà kan lábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó pé méje, ẹ̀rù bà mí. Mo ti fóònù náà mọ́ inú àpótí irin, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo sun oorun ọ̀sán. Nígbà tí mo jí, ìlà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń gbé ilé náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó di mẹ́sàn-án. Ìlà tuntun méjèèjì dà sí òsì.

Mo gbé fóònù lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe ní Coconut, mo ní kó bá mi ṣí i, pé ti ìyàwó mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá ẹni tí ìyá ń bá sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ ogbó. Mo ní ìyá ti kú. Ó yẹ fóònù náà wò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó ku ẹyọ kan. Tí ìyẹn náà ò bá wọlé, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ máa parẹ́.”

“Ẹ̀ẹ̀méje ni mo tẹ̀ ẹ́.”

“Ta lẹ jọ ń gbélé, sà?”

Mo ki fóònù bọ àpò.

Mo délé, mo jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàkíyèsí pé ìlà méjì náà kò sí lábẹ́ níbi tí tèmi wà. Ọ̀kan wà ṣáájú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà yẹn, ọ̀kan wà lẹ́yìn wọn.

Bí mo bá ṣì í, ohùn rẹ̀ lọ nìyẹn. Mo tẹ mẹ́rin náà.

Ó ṣí.

Mo tẹ ohùn tó gbà sílẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó ń hanrun ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Èmi ni, lójú oorun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ máa sùn. Mo wà níbí.”

Mo sunkún títí ó fi tó. Mo wá mú ẹfun, mo dìde láti fa ìlà kẹwàá, bí àṣà wáàfù. Mo bá ìlà náà níbẹ̀, ẹnìkan ti fà á ṣáájú mi. Ó dà sí òsì.