Kẹ́tùlù Ìyá Olómi-Gbóná

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Olómi-Gbóná fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, níbi tó ti ń se abẹ́ àti àlùmọ́gàjí nínú omi híhó. Ó fẹ̀yìn tì tán, kò jáwọ́. Omi tí kò bá tíì hó, kò jẹ́ fi fọ eyín. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá ṣú, Ìyá á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sè é kó tó pa òun.

Ilé wọn kò jìnnà síbi ìwakùsà, Ìyá sì ti pẹ́ tó ti ń fura sí kànga ẹ̀yìnkùlé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Omi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta máa mu, ó ń sè é títí á fi ku ìdajì. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà, tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ ń pòórà lẹ́nu rẹ̀, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sè é títí á fi ku ìdámẹ́rin.

Obìnrin ayẹ̀wò-omi kan wá bu omi kànga sínú ìgò. Ìyá ní àfi kó bu ti kẹ́tùlù òun náà, kí ayé lè rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin náà padà wá.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Òjé, irin olóró ibi ìwakùsà yẹn, ti wọ inú kànga yín."

"Ṣé mi ò wí! Tèmi ńkọ́?"

Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. "Ti kẹ́tùlù yín ló burú jù."

"Tèmi? Èmi tí mo sè é?"

"Iná ń pa kòkòrò, Ìyá, kì í pa òjé. Bí omi ṣe ń gbẹ lọ, ṣe ni òjé ń kù sílẹ̀ tó ń ki sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn báyìí. Mo ti pe ọkọ̀."

Ìyá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Èwo lèyí! Kò sí ọ̀tá tó lè ro irú ibi yìí sí ọmọ náà, kó sì fi sùúrù ṣe é lójoojúmọ́ bí òun ti ṣe é.

Ọmọ náà ti inú oòrùn wọlé pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ.

"Màmá, omi."

Ìyá gba ife. Kò sí omi mìíràn nínú ilé. Ọmọ náà na ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá kò fi omi dù ú rí.