Ọ́ìlì Gbóná Lọ́nà Ìgbẹ́mọ

Aago kékeré kan pa mí lẹ́kún lónìí.

Ọmọ mi ọkùnrin ló dè é mọ́ alùpùpù ńlá tó fi ń rìnrìn àjò. Ó ní, "Màámi, ẹ wò ó. Ó ń sọ bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tó bá ti kan ibi pupa, dandan ni kí n dúró."

Bàbá rẹ̀ tó jókòó níbẹ̀ kàn wolẹ̀.

Lọ́dún 1978, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé bàbá mi kú ní Ìgbẹ́mọ. Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn mọ́jú kí wọ́n tó sin ín. Ọkọ mi fi alùpùpù gbé mi. Àfi bó ṣe dúró lójú ọ̀nà, tó tutọ́ sára ẹ́ńjìnnì. Itọ́ náà hó ṣàà.

Ó ní, "Ọ́ìlì ti gbóná jù. Dandan ni ká dúró."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

A dúró. Ìgbà tá a débẹ̀, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó nínú sàréè. Mi ò rójú bàbá mi.

Aago ti dá ọkọ mi láre lónìí. Èmi ò tíì dá a láre.

Ẹ̀yin tí bàbá bí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa dárí jì í?