Ẹní Ìyá Ọkọ Mi

Ọ̀nà ọ̀fun ló kọ́kọ́ dùn mí. Dókítà fún mi ní kápúsù, èyí tí apá kan rẹ̀ pupa, tí apá kejì jẹ́ yẹ́lò. Obìnrin tá a jọ ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ní yunifásítì ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Ó ní kápúsù máa ń ba agbára oògùn fètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́, pé bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe fẹ́ra kù nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí oògùn yẹn lèmi náà ń lò. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí wọlé ni, àbíkẹ́yìn mi sì ṣì ń mu ọmú. Bí mo bá tún lóyún, ilé ni màá jókòó sí.

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, “Ṣé kápúsù lọ́wọ́ tó máa fi lu oògùn mìíràn ni?”

Mo gbé ọmọ, ó di yàrá ìyá ọkọ mi. Ilé wọn ní àdúgbò Ìlàrè la jọ ń gbé. Mo ní eyín ọmọ ń yọ, kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sùn. Wọ́n wò mí, wọ́n sì sún fún mi lórí ẹní.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màámi, ìyá rẹ̀, dá a lóhùn pé, “Orí ẹní ìyá bàbá ẹ lèmi náà sùn títí mo fi já ẹ lẹ́nu ọmú. Ṣé ó pa bàbá ẹ ni?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tá a jọ ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n bi mí pé, “Ìyàwó, oògùn tó o fi pamọ́ sínú agolo mílíìkì, ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?”

Ojú tì mí. Mo rò pé wọn kò mọ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ọ̀rọ̀ ilé-ìwé.

Wọ́n ní, “Máa múra ìwé ẹ. Ẹní tèmi kì í bá kápúsù jà.”

Mo rí nǹkan oṣù mi, mo sì lọ sílé-ìwé. Màámi kú kí n tó jáde.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, dókítà kan sọ fún ọmọbìnrin mi pé irú kápúsù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oògùn fètò-sọ́mọ-bíbí ní nǹkan kan. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún, tàbí bí èèyàn bá ń bì lẹ́yìn tó gbé oògùn náà mì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Òun ló kúkú jàre.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni, yàrá wa ni ǹ bá sùn sí, n kò sì ní mọ̀ láé pé ẹni tí mo ń fi oògùn pamọ́ fún ló fẹ́ kí n kàwé jù.