Àpótí Tí Mo Gé Títí Tó Fi Tán

Mo ń fá pákó ìgbèrí ibùsùn obìnrin ará Santasi kan lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi Rábì já wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Anloga Junction láìwọ bàtà.

"Bùọ̀dá Síkírù, lọ́rì ti fún Bàbá mọ́ ògiri!"

Rándà tí mo fi ń fá a já bọ́ lọ́wọ́ mi. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Bàbá wa ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa ní Alabar. Ohùn rẹ̀ ló ń jí gbogbo Zongo, àdúgbò àwa àlejò Mùsùlùmí nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Twi, láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Lọ́rì akẹ́rù kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn ni kò rí i bó ṣe ń ti ìrun bọ̀.

Itan rẹ̀ kán, orúnkún rẹ̀ sì fọ́. Ní ilé, àwọn àáfà ń ka Yáásíìnì. Ìyàwó Papa Mensah, ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà, àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbààwẹ̀ fún ọkùnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Bàbá ń kùn sí i, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Bàbá ti dá a lóhùn: "Ṣé Àmín ń béèrè ilé tí àdúrà ti wá ni?"

Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá délé, ẹsẹ̀ ọ̀hún le gbagidi bí pákó. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí kò bá ń tẹ orúnkún náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa le títí ayé. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìyà tí lọ́rì fi jẹ òun tó. Orí àga gíga ló ti ń kírun, ẹsẹ̀ nínà síwájú, bí àwọn yòókù bá sì ti forí kanlẹ̀, yóò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí. "Síkírù, mo mọ̀ pé Ọlọ́run yọ̀ǹda kí aláìsàn jókòó kírun. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tí kò lè wọlé. Kí iwájú orí mi sáà tún kan ilẹ̀."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú igi odum, ìyẹn ìrókò tiwa, mo fi kan àpótí kan tó ga tó àga rẹ̀, tó ní ibi ìdìmú lọ́tùn-ún lósì.

"Bàbá, orí èyí ni kí ẹ ti máa kírun. Bí ẹ bá ti lè jókòó, kí ẹ dìde láìkérora, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá gé e díẹ̀. Bó bá ṣe ń kúrú ni orúnkún yín á máa tẹ̀."

"Títí dé ibo?"

"Títí tó fi máa tán."

Ó rẹ́rìn-ín. N ò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí lọ́rì ti kọ lù ú.

Ohun tí nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí tí kò ṣe, ìrun mú un ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Òógùn a bò ó, a gé etí aṣọ jẹ. Kò pẹ́, Rábì dé: "Bàbá ní kí ẹ gé e."

Òfin kan wà tí kò sí ọmọṣẹ́ Papa Mensah tí kò jẹ ìgbátí lórí rẹ̀: igi tó gùn ṣe é gé, igi tó kúrú kò ṣe é fà. Nígbà tó rí ayùn mi lórí àpótí tó dára bẹ́ẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi mú.

"Síkírù, woabɔ dam? Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gba pẹ́ńsùlù, ó fúnra rẹ̀ sàmì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí bí ọ̀kan bá yàtọ̀, àpótí á máa mì, ẹni tó bá sì ń gé e kí ó lè dọ́gba, àfàìmọ̀ kó má gé e tán pátápátá. Ó gbé ọwọ́ lé igi náà, ó fi Twi gbàdúrà: Ọlọ́run, ayùn tiwa ni, orúnkún tìẹ ni. Láti ọjọ́ náà, a kì í gé e láìkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin Santasi yẹn débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Káfíńtà, ibùsùn mi ńkọ́? Ṣé òun náà ti ń kúrú ni?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé, orúnkún wú. Bàbá jókòó, kò lè dìde, àwa la gbé e. Mo ní kí n kan òmíràn tó ga jù ú lọ.

"Igi tó kúrú," Bàbá ní, bó ti ń mí gúlegúle, "ṣé ọ̀gá ẹ ò sọ fún ọ pé kò ṣe é fà ni?"

Lọ́jọ́ kejì ó tún jókòó lé e. Bí àwọn ará Zongo bá sì ń kí i ní Haúsá pé "Yaya jiki?", ara ńkọ́, èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Da sauki." Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, mo gbé àpótí ọ̀hún há abíyá lọ sí yídì. Ó ti kúrú débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pákó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni mo dúró sí. Nígbà tí Lèmọ́ọ̀mù ní ká forí kanlẹ̀, Bàbá fi ọwọ́ òsì ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo yọjú wò ó. Orúnkún rẹ̀ dún, ó tẹ̀, ó kan ilẹ̀, iwájú orí rẹ̀ náà kan ilẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ẹkún ayọ̀ ni mo fi parí ìrun tèmi. Bí a ti ṣe sàláámà tán, mo gbọ́ ohùn Papa Mensah lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́bàá ọ̀nà: "Nyame adom!", oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni. Ó ti ju fìlà rẹ̀ sókè.

Mo ti kan ibùsùn ìyàwó, mo ti kan àga olóyè, ṣùgbọ́n pákó odum tó ṣẹ́ kù lára àpótí yẹn ni mo fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Bí a ti ń padà sílé lọ́jọ́ náà, Rábì na aṣọ ìnujú sí i. "Bàbá, iyanrìn wà níwájú orí yín."

"Má fọwọ́ kàn án."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba àárín Alabar kọjá. Wọ́n ń kí i lọ́tùn-ún lósì: "Malam, yaya jiki?" Kò sọ "Da sauki" mọ́. Ó kàn ń fi ìka han iwájú orí rẹ̀, ó sì ń rìn lọ.