Ife Búlúù Ẹnu Àgọ́

Láti òní lọ, èmi àti gààrí ò mọra wa mọ́.

Àwa ọ̀rẹ́ kúrò ní Berlin, a wá pàgọ́ sí Hamburg. A wo ilé àtijọ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Bí mo ṣe padà dé, mo rí ife búlúù kan lẹ́nu àgọ́, ó mọ́ fóò. Mo fi rẹ gààrí, mo mu ún tán.

Ni Dàmọ́lá, àbúrò tí a jọ wá, bá dé.

"Àǹtí, ẹ bá mi rí ife búlúù?"

"Òun nìyí. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Tíṣù nìkan ló wà ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn. Òun ni mo fi ń bu omi fọ ìdí."

Mo bì títí omi fi jáde lójú mi.

Ọmọ yìí tún lanu: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o. Ẹ ti fẹnu kàn án."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n fi Dàmọ́lá ṣe?