Góòlù Tí Mo Fi Oríkì Bò Mọ́lẹ̀

Òórùn ìpara rọ́bù ni mo fi ń rántí pápá tó wà lẹ́yìn Gowon Estate. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin máa ń fi ra ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọ pápá, á sì máa ta sí mi nímú níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú fóònù mi lórí ọ̀pá. Mò ń gbé eré wọn sórí ìkànnì, mo sì ń fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ta ló fẹ́ sanwó wo bọ́ọ̀lù àdúgbò? Kò sí. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí òǹwòran kan bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí mo sì ki í ní oríkì, ojú ẹsẹ̀ ló máa fi ẹ̀bùn owó ránṣẹ́, ẹlòmíràn á sì ní kí n ki òun náà. Ìyá ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ mi ní oríkì. Mi ò mọ̀ pé ó máa di iṣẹ́ oúnjẹ.

Onídìrí kan láti Baruwa ló máa ń gbá iwájú fún wọn. Kóòṣì kan ti sọ fún un pé òun á wo eré Sátidé kan lórí fóònù. Bó bá gbá a dáadáa, òun á mú un sínú ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù. Lọ́jọ́ náà, onídìrí wá bá mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú kúrò lára mi lónìí.”

“Fọkàn balẹ̀ jàre,” ni mo wí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Eré kù díẹ̀ kó parí, kò tíì sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ni ọkùnrin kan láti ìlú òyìnbó bá fi ẹ̀bùn ńlá ránṣẹ́. Ọmọ Oníkòyí ni. Wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í ki èèyàn ká kẹ̀yìn sí i, ni mo bá yí fóònù sójú ara mi kó lè rí mi. Mo dijú, mo ń ki í lọ. Àfi ariwo lórí pápá. Kí n tó yí fóònù padà, wọ́n ti ń dì mọ́ onídìrí. Wọ́n ní ó gé ẹni mẹ́ta, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé láti òkèèrè.

Ó sáré wá bá mi. “Bọ̀dá, ṣé ó wọ fóònù?”

Mo mirí pé rárá. Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Ẹnu mi nìkan ni kóòṣì yẹn rí, kò sì pè é.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà ṣá. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde nìkan ni mo ń ki èèyàn báyìí, bó ti wù kí ẹ̀bùn tóbi tó. Òǹwòran ló ń fún mi lówó, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí pápá ló ń làágùn.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ mú ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà. Onídìrí ń fi fídíò ọjọ́ yẹn han oníbàárà kan. Mo rí ojú ara mi níbẹ̀, mo dijú, mo ń pe Oníkòyí. Onídìrí ní, “Ẹ má wo bọ̀dá yẹn. Ẹ tẹ́tí sí ariwo tó wà lẹ́yìn ohùn wọn. Góòlù mi nìyẹn.”